Ẹ Ka Orí Kí Ẹ Tó Dá Ọjọ́: Ọ̀rọ̀ lórí Ìnáwó Ẹbí àti Ìjáde Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ ìnáwó ni mo gbé wá lónìí, n kò sì rò pé ẹnì kan wà nínú wa tí kò kàn. Bí a kò bá sìnkú àgbà, a ó sọmọ lórúkọ. Bí a kò bá gbéyàwó, a ó ṣílé. Ẹgbẹ́ tí a wà yóò sì ní kí a jáde lọ gba atẹ́gùn lẹ́yìn wàhálà ọdún. Ayọ̀ ni ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú onínàáwó nígbà tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan: ojú ti pọ́n, kò róorun sùn, ó ń jágbe mọ́ aya, ó ń bá ọmọ jà, fóònù rẹ̀ kò sì dákẹ́. Nígbà tí àlejò bá ń jó lọ́jọ́ náà, òun a máa sá kiri láàrin agbo bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ já okùn. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ẹ ó gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ìpàdé ẹbí ọkọ mi. Kí n tó fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ olùkọ́, mo ti kó ọmọ ilé-ìwé jáde ju iye tí mo lè rántí lọ. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Àwọn ènìyàn a máa ní owó tí kò tó ni ó ń dá wàhálà ìnáwó sílẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti rí olówó tí ìnáwó rẹ̀ dàrú, mo sì ti rí mẹ̀kúnnù tí tirẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àìmọ iye ni ó ń da ìnáwó rú: a kò mọ iye ènìyàn tí ń bọ̀, a kò mọ iye owó tí ó wà nílẹ̀ ní tòótọ́, a kò sì mọ ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìyá ọkọ mi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó ṣojú mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni ọdún 86 ni Màmá nígbà tí wọ́n papò dà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n fi sílẹ̀. Obìnrin ni àkọ́bí, Ìyá Bódìjà ni àwa ìyàwó ilé ń pè wọ́n, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà. Ọkọ mi ni ó tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà Bàbá Èkó, lẹ́yìn náà obìnrin méjì tí àwọn náà ń tajà. Àbíkẹ́yìn wọn jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ọmọdé ni ó wà nígbà tí mo wọ ilé náà, ṣùgbọ́n ọkọ mi ni, Bàbá Ọ̀yọ́ ni mo sì ń pè é.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, Bàbá Èkó ni wọ́n kọ́kọ́ dìde.

“Ọjọ́ Sátidé, 14 oṣù Dìsẹ́ńbà ni a ó sin Màmá,” ni wọ́n wí. “Màlúù méjì, àpò ìrẹsì márùn-ún, aṣọ ẹbí mẹ́ta, èmi yóò sì mú olórin bọ̀ láti Èkó. Màmá kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ.”

Gbogbo ilé ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.” Èmi akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá Bódìjà kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ń tú ìdí ìborùn wọn, wọ́n tún ń dì í. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, wọ́n béèrè pé, “Ènìyàn mélòó ni a ó bọ́?”

Ilé pa lọ́lọ́. Ẹnì kan ní ọ̀ọ́dúnrún, ẹlòmíràn ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Bàbá Èkó rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ní í ka àlejò?”

“Èmi ni mo ń kà á,” ni Ìyá Bódìjà dáhùn. “Bí oníbàárà bá dé ìsọ̀ mi tí ó ní òun fẹ́ èlùbọ́, mo ní láti bi í pé kóńgò mélòó. Bí n kò bá bi í, kí ni mo fẹ́ wọ̀n fún un?”

Wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ kọ orúkọ àlejò tirẹ̀ wá, orúkọ gan-an, kì í ṣe “bíi ogún tàbí ọgbọ̀n”. Kò sì gbọdọ̀ ju 25 lọ. Nígbà tí a padà jókòó ní ọjọ́ kẹjọ, orúkọ ti àwọn ọmọ jẹ́ 150, ti ìjọ Màmá 40, ti àdúgbò 40, ti àwọn mọ̀lẹ́bí tí ń bọ̀ láti abúlé 50. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 280. A fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e nítorí àwọn mogbọ́-moyà, nítorí kò sí ìnáwó Yorùbá tí wọn kì í yà sí, kò sì yẹ kí a lé wọn. Ó di 308. A pè é ní 310.

Ẹ wo ohun tí iye yẹn nìkan ṣe fún wa. Alásè wa sọ pé bí oúnjẹ mìíràn bá wà, kóńgò ìrẹsì kan ń tó ènìyàn mẹ́jọ. A mọ àwọn ènìyàn wa: ìdajì wọn yóò béèrè àmàlà tàbí iyán, àwọn àgbà kò tilẹ̀ ní wo ìrẹsì. Nítorí náà nǹkan bí ènìyàn 155 ni yóò jẹ ìrẹsì. Ẹ pín in sí mẹ́jọ-mẹ́jọ, kóńgò 20 ni. Àpò ìrẹsì kan tí ó jẹ́ 50 kìlógíráàmù sì ń mú ju 30 kóńgò lọ. Àpò kan ṣoṣo ti tó, yóò sì ṣẹ́kù! Bẹ́ẹ̀ àpò márùn-ún ni a ti fẹnu rà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ní ọdún 2024 yẹn, àpò kan lé ní 70,000 náírà. Àpò mẹ́rin tí a kò rà, ó lé ní 280,000 náírà tí ó dúró sí àpò àwọn ọmọ olókùú. Màlúù náà sì di ẹyọ kan. Ẹ̀yin olùkọ́, ìṣirò kíláàsì kẹrin ni mo ṣe yẹn. Ohun tí a ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni a kì í lò fún ara wa.

Lẹ́yìn tí a ti ka orí ni a tó wá sọ̀rọ̀ ọjọ́. Kí ni ó dé tí a fi ń fẹ́ oṣù Dìsẹ́ńbà? Nítorí àwọn ará òkè òkun ń bọ̀, ni wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n ní Dìsẹ́ńbà ni gbogbo ayé ń ṣe tiwọn. Onígbọ̀ngàn, alásè, onílù, oníkánópì, onímọ́tò, kò sí èyí tí kò mọ̀ pé ọjà òun yá nígbà náà. Bákan náà, òkú tí ó wà ní mọ́ṣúárì ń jẹ owó lójoojúmọ́, ìwé owó náà kò sì mọ̀ pé ẹ̀ ń dúró de ẹnì kan láti London. A mú ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù kọkànlá. Ọmọ-ọmọ Màmá kan tí ó wà ní òkè òkun kò lè wá; ó fi owó ránṣẹ́, ó sì bá wa lọ́wọ́ sí ìsìn náà láti orí fóònù.

Ibi owó ni ọ̀rọ̀ ti gbóná. Bàbá Èkó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú 250,000 náírà wá, kí ó má baà di pé ẹnì kan ṣe ju ẹnì kejì lọ. Gbogbo wọn ní ó dára. Bàbá Ọ̀yọ́ náà ní ó dára. Ìyá Bódìjà yí ojú sí i.

“Ìwọ, níbo ni ìwọ yóò ti rí i?”

Kò dáhùn. Ó ń wo ilẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀ wá bá mi nínú yàrá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí. Ọkọ wa fẹ́ lọ kó gbogbo owó tí ó wà ní àlàjẹṣẹ́kù lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́, yóò sì tún yá lé e. Owó ilé-ìwé ọmọ wa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ni. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀, ọdún kan ti lọ nìyẹn.”

Mo bi í pé kí ló dé tí ọkọ rẹ̀ kò fi sọ bẹ́ẹ̀ láàrin ẹbí. Ó ní ojú ń tì í.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ìtìjú ṣe ń pa ilé nìyí. Mo ti rí èyí tí ó tà ilẹ̀, mo ti rí èyí tí ó kó owó ọjà onígbèsè sínú ìsìnkú, tí ìsọ̀ rẹ̀ sì ṣófo fún ọdún kan gbáko. Níbi ogún pípín, àwa Yorùbá mọ ìdí-igi, a sì mọ orí-ò-jorí, kí olúkúlùkù lè gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi ìnáwó, ẹrù kì í ṣe ogún. Bí ẹ bá pín ẹrù ní ọgbọọgba fún ẹni tí ó gun ẹṣin àti ẹni tí ó ń fẹsẹ̀ rìn, ta ni yóò kọ́kọ́ ṣubú?

Mo lọ bá Ìyá Bódìjà ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí wọ́n tó lọ sọ́jà. N kò sọ pé ìyàwó ni ó sọ fún mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, kí olúkúlùkù wá sọ ohun tí agbára rẹ̀ gbé sí etí yín nìkan, kì í ṣe ní gbangba.” Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, “O ṣeun, ìyàwó. Mo ti gbọ́ èyí tí o kò sọ.”

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wọlé tọ̀ wọ́n. Owó tí ó jáde jẹ́ 400,000 láti ọwọ́ Ìyá Bódìjà fúnra wọn, 300,000 láti ọwọ́ ọkọ mi, 700,000 láti ọwọ́ Bàbá Èkó, 250,000 láti ọwọ́ obìnrin kọ̀ọ̀kan, 60,000 láti ọwọ́ Bàbá Ọ̀yọ́. Ó jẹ́ 1,960,000 náírà. Nínú ìpàdé, àpapọ̀ nìkan ni wọ́n kà sí wa létí, akápò nìkan ni ó sì rí ìyókù. Èmi kò mọ̀ ọ́n títí di ọjọ́ ìṣirò. A fi òfin kan lé e: owó tí a bá fọwọ́ kàn ni owó. Èyí tí ẹnì kan ṣèlérí, tàbí èyí tí a retí pé àlejò yóò fún wa, kò wọ inú ìwé. Ọ̀pọ̀ onínàáwó ni ó ń fi owó tí wọn yóò fún un lọ́jọ́ ìnáwó san owó alásè lọ́kàn rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ tí àlejò kò wá ńkọ́?

Bàbá Èkó bínú díẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣé ẹni tí ó mú 700,000 wá kò ní láṣẹ láti mú olórin tí ó wù ú?” Ìyá Bódìjà ní wọ́n láṣẹ, ṣùgbọ́n kí wọ́n san owó olórin lọ́tọ̀, kí olórin náà sì palẹ̀ mọ́ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. “Kí ni ayé yóò wí?” ni Bàbá Èkó béèrè. Ẹ̀gbọ́n wọn ní, “Ayé tí kò jókòó níhìn-ín láti dá owó, kí ló kàn án?” Wọ́n gbà. Ìdá kan nínú mẹ́wàá, èyí tí í ṣe 196,000, ni wọ́n yọ sọ́tọ̀ fún ohun àìròtẹ́lẹ̀, tí wọn kò sì dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó ń ra nǹkan. Ọgbọ́n ọlọ́jà nìyẹn. Bí alásè bá mọ̀ pé owó ṣẹ́kù, ata yóò wọ́n.

Iṣẹ́ ni a wá pín. Ẹnì kan mú àpò owó, èmi mú ìwé, a kò sì jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo mú méjèèjì, kì í ṣe nítorí olè, bí kò ṣe kí ọ̀rọ̀ má baà wà. Àga àti kánópì ní ẹni tí ó ni ín. Omi àti yìnyín ní ẹni tí ó ni ín. Ìjókòó àwọn àgbà àti àwọn àlùfáà ní ẹni tí ó ni ín. Bàbá Ọ̀yọ́ tí owó rẹ̀ kéré ni ó tẹ ìwé ìsìn, ni ó dúró ti onímọ́tò, ni ó lọ kó àwọn ará abúlé wá, n kò sì rò pé ẹnì kan ṣe jù ú lọ. Iṣẹ́ tí a bá ní kí “gbogbo wa” ṣe, kò sẹ́ni tí yóò ṣe é.

Lọ́jọ́ ìnáwó gan-an, olómi tí a ti sanwó fún kò dé. Aago mẹ́jọ, kò sí. Aago mẹ́sàn-án, fóònù rẹ̀ ti kú. Obìnrin tí omi wà ní ọwọ́ rẹ̀ kò pariwo, kò sá lọ bá olókùú; ó wá bá akápò, ó gba 34,500 náírà nínú owó tí a yọ sọ́tọ̀, ó pe olómi mìíràn. Ìyá Bódìjà kò gbọ́ rárá. Ọmọ-ọmọ wọn ni ó mú fóònù wọn, àwọn jókòó síbi tí wọ́n fi wọ́n sí, wọ́n ń gba ìkíni. Iṣẹ́ onínàáwó ní ọjọ́ ìnáwó ni kí ó jókòó kí ènìyàn rí i kí.

Ní ọjọ́ kẹjọ, mo ka ìṣirò. Ó ṣẹ́ku 161,500 náírà. Bàbá Èkó ni wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, wọ́n ní kí a fi kún owó ilé-ìwé ọmọ Bàbá Ọ̀yọ́. Ọmọ náà ti wọ kíláàsì báyìí.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ni mo fẹ́ fi ọwọ́ kàn díẹ̀. N kò bá a jà; ó dára kí a rí ẹbí ní àwọ̀ kan. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí a fi owó oúnjẹ ra aṣọ, kí a máa dúró de ẹni tí yóò wá gbà á. Bí aṣọ kò bá tà, ìkòkò ti sọ omi nù nìyẹn. Àǹkàrá kan ni a mú fún ìsìnkú Màmá. Ẹni tí ó bá sanwó ni a rà fún, iye tí ọjà tà á ni a gbà, àwìn kò sí. Ẹni tí kò bá gbà á, a bọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí a ṣe bọ́ ẹni tí ó gbà á. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń wo aṣọ kí wọ́n tó gbé àwo fún ènìyàn. Ìwà burúkú gbáà ni.

Ti owó níná mọ́ orí náà ń kọ́? Ẹ ṣọ́ra. Òfin ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀ ti ọdún 2007, ní abala 21, sọ pé ẹni tí ó bá ń da náírà lé ènìyàn lórí níbi àríyá, tàbí tí ó ń jó lé e, lè fi ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà jura, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Àwọn ènìyàn ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí ilé-ẹjọ́ kan ní Èkó rán gbajúmọ̀ kan lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Níbi ìsìnkú Màmá, àpótí onítìì ni a gbé sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé kan, ọmọ-ọmọ méjì sì jókòó tì í. Ẹni tí ó bá fẹ́ fúnni lówó fi í sínú àpòòwé, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ó tilẹ̀ sàn fún olókùú, nítorí owó tí ó bá bọ́ sílẹ̀ nínú agbo, gbogbo wa mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń délé.

Ìjáde ẹgbẹ́ le ju ìnáwó ẹbí lọ ní ọ̀nà kan: kò sí òkú nílẹ̀, kò sí ọmọ tuntun, nítorí náà kò sí ohun tí ó ń fi agbára mú ẹnikẹ́ni dáwó. Ẹgbẹ́ wa, tí ó jẹ́ àwa olùkọ́ tí a ti fẹ̀yìntì àti àwọn ìyá ọlọ́jà àdúgbò wa ní Ìbàdàn, jáde lọ sí Abẹ́òkúta ní ọjọ́ Sátidé, 15 oṣù kejì ọdún 2025. A mọ̀ọ́mọ̀ mú ọjọ́ náà. Òjò kò ì dé, ọdún ti tán, àwẹ̀ Ramadan yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, bẹ́ẹ̀ Mùsùlùmí tó ìdajì nínú wa. Ẹ rántí pé Ramadan ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣíwájú lọ́dọọdún. Ọjọ́ tí ó dára ní èṣí lè bọ́ sínú àwẹ̀ ní àmọ́dún. Bí ìpínlẹ̀ yín bá sì ń ṣe ìmọ́tótó àyíká ní Sátidé kan nínú oṣù, ẹ yẹra fún un, kí wọ́n má baà dá yín dúró lójú ọ̀nà.

Àwa 61 ni a wà lójú ìwé Wásáàpù ẹgbẹ́ wa. Nígbà tí a kéde ìjáde náà, 52 ni ó fi àtàǹpàkò sókè pé àwọn ń lọ. Ẹ̀yin ará, àtàǹpàkò kì í san owó mọ́tò! A ṣe é bí èésú: 1,500 náírà lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, tí ó jẹ́ 15,000 fún ẹnì kan. Èésú yìí kì í ṣe ohun àná. Samuel Johnson mẹ́nu kàn án nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, William Bascom ará Amẹ́ríkà sì kọ odidi àròkọ lé e lórí ní 1952. Ẹni tí kò lè mú 15,000 jáde lẹ́ẹ̀kan lè mú 1,500 jáde láti orí igbá ata rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ tí a dá pé, 34 ni ó ti san tán. Àwa 34 ni a gba mọ́tò fún, ọkọ̀ elérò méjìdínlógún méjì, a kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

A kọ iye tí a bá onímọ́tò dá sínú ìwé, pẹ̀lú epo nínú rẹ̀. Àwa tí a rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, tí jálá epo tí kò tó 200 náírà fi di ohun tí ó kọjá 480 láàrin ọjọ́ mélòó kan, a ti kọ́gbọ́n. Kí a tó gbéra, ọ̀kan nínú wa yẹ táyà wò, ó sì bi àwọn awakọ̀ bí wọ́n bá sùn lóru. Nọ́ńbà ọkọ̀ àti orúkọ gbogbo wa wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan tí kò lọ.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ Abẹ́òkúta? Àwọn kan fẹ́ Òkè Ìdànrè. Ó dára, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni ẹ ó gùn kí ẹ tó dé òkè. Orúnkún tí ó rẹ̀ jù nínú ẹgbẹ́ ni ó yẹ kí ó yan ibi tí ẹ ń lọ. Olúmọ kò jìn ju nǹkan bí 80 kìlómítà sí Ìbàdàn lọ, ẹni tí kò bá sì lè gun òkè lè jókòó ní ìsàlẹ̀ kí ó gbọ́ ìtàn bí àwọn Ẹ̀gbá pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ ṣe tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1830, àti bí wọ́n ṣe sá pamọ́ sábẹ́ àpáta náà nígbà ogun. Ọjà Ìtòkú tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ kò sì jìnnà. Ẹ kò lè kó ìyá ọlọ́jà mẹ́rìndínlógún kọjá lẹ́bàá àdìrẹ kí ẹ ní kí wọ́n má sọ̀ kalẹ̀. A ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, a ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún un. Wákàtí kan ààbọ̀ ni wọ́n lò.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni a ní kí mọ́tò gbéra. Ẹnì méjì kò ì dé. A lọ. Ọ̀kan bá wa ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú mọ́tò tirẹ̀, ó ń bínú títí ó fi jẹun. Aago mẹ́wàá ni a jẹ oúnjẹ àárọ̀, a kò sún un síwájú, nítorí ẹni mẹ́ta nínú wa ní àtọ̀gbẹ, ebi kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi wọ́n dán wò. A ti ní kí ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mú tirẹ̀ dání, a sì kọ orúkọ oògùn náà sí ẹ̀yìn káàdì tí ó fi kọ́rùn. Aago mẹ́ta ọ̀sán, a ti wọ mọ́tò padà. Òru kì í ṣe àsìkò tí ènìyàn ń kó ìyá àgbà rìn lójú ọ̀nà wa.

Nínú mọ́tò tí a ń bọ̀ wálé ni akápò ti ka ìṣirò. Ó ṣẹ́ku 11,400 náírà. Àwọn kan ní kí a pín in. Ọ̀pọ̀ ní kí a fi dá owó ti ọdún tí ń bọ̀ sílẹ̀. Ikogosi ni wọ́n dárúkọ, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Ìyá kan tí ó ń ta ẹja gbígbẹ béèrè bóyá àtẹ̀gùn wà níbẹ̀. Kí a tó dé Ìbàdàn, ènìyàn mọ́kànlá ti san 1,500 àkọ́kọ́.